Gíláàsì Kan fún Ìbejì

Bí obìnrin kan bá wà ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó tí ojú rẹ̀ mú ju abẹ tuntun lọ, Nimotalahi ni, ìyá ìbejì tó ń ṣa obì ní ìsọ̀ Àlàájì Fàsásì ní Òkè-Àgbò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí fún yín. Wọ́n á da gbànja tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n ti bó, tí wọ́n sì ti fọ̀, sórí ẹní bí òkìtì. Àwọn obìnrin á jókòó yí i ká, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yọ lẹ́yọ nítorí kòkòrò. Kòkòrò obì kéré, ṣùgbọ́n ìkà ni. Bí ẹyọ obì kan tó ti lu níhò bá bá àwọn yòókù wọ apẹ̀rẹ̀ tó ń lọ sí Kánò, ìyẹ̀fun ni àwọn Hausa máa bá nínú apẹ̀rẹ̀ náà. Nimotalahi kì í yẹ obì wò lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ á gbé e, ojú á kàn án, ó ti jù ú sọ́tùn-ún tàbí sósì, ó parí! Ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́, á rí i. Zipporah, ọmọ ìjọ Aládùúrà tó máa ń jókòó tì í, a máa sọ pé àwọn kòkòrò obì gan-an mọ Ìyá Ìbejì, pé bí wọ́n bá gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ńṣe ni wọ́n ń jáde wá kí i, tí wọ́n á sì gba ilé wọn lọ.

Obìnrin tí ojú rẹ̀ mú tó báyìí ni kò mọ̀ pé Táyé ọmọ òun kò ríran. Ẹ ò rí nǹkan!

Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ o. Kẹ́hìndé ló bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọkùnrin ni àwọn ọmọ méjèèjì, wọ́n ti wà ní ìwé kẹfà ní ilé-ìwé kan ní Jàpàrà, wọn kì í sì í fi ara wọn sílẹ̀, bí ìka àti èékánná. Bí wọ́n bá ń lọ lọ́nà, Kẹ́hìndé á ṣíwájú, á ní, "Kùkùté," Táyé á gbẹ́sẹ̀ ga. Nínú kíláàsì, Kẹ́hìndé á máa ka ohun tó wà lójú pátákó sábẹ́ ẹnu, Táyé á máa kọ ọ́. Lórí pápá bọ́ọ̀lù ńkọ́? Háà! Ẹsẹ̀ Táyé! Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ẹsẹ̀ ọmọ yẹn, ó tán, àfi bí ẹni pé wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kẹ́hìndé á dúró lẹ́yìn, á máa pariwo: "Ọ̀tún! Ọ̀tún! Ó dé ọ lẹ́yìn o! Ta á!" Gbogbo èèyàn rò pé aláriwo ọmọ lásán ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ojú méjì tó wà lórí Kẹ́hìndé, èèyàn méjì ló ń lò ó.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, ọ̀nà ọ̀fun ń dun Kẹ́hìndé, ohùn rẹ̀ ti lọ pátápátá, ó wà nílé. Táyé nìkan lọ sí pápá. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó ré ọmọ kan kọjá, ó ré èkejì kọjá, gbogbo èèyàn ti ń hó, ni ó bá fi sùúrù gbé bọ́ọ̀lù náà fún ọmọ ẹgbẹ́ kejì, ó sì sáré lọ dì mọ́ ọn! Ìyẹn ò tíì tó. Nígbà tó ń bọ̀ létí pápá, ó rí nǹkan dúdú gàgàrà kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ káàsán, sà." Kóòtù ọ̀gá ilé-ìwé ni, tí wọ́n fi kọ́ òpó. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń yí nílẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Tíṣà Bùsúyì ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. Ó mú Táyé lọ́wọ́, ó di ìsọ̀ obì.

Zipporah ló kọ́kọ́ rí wọn. "Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé obì lẹ wá ṣà ni, àbí ìyàwó?"

"Ìyá Ìbejì ni mo wá rí, mà," ni Tíṣà wí. Ó fi Táyé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì obì, òun fúnra rẹ̀ padà sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ sókè. "Táyé, ìka mélòó nìyí?"

"Ìka èwo, sà?"

Ọwọ́ Nimotalahi dúró lórí obì. Ó rọra dìde, ó lọ bá Tíṣà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹyọ gbànja pupa kan sókè. "Táyé, kí ló wà lọ́wọ́ mi?"

Táyé fẹjú, ó tún fẹjú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fẹ́ tu ìyá rẹ̀ nínú. "Ọwọ́ yín ni, Ìyá mi."

Zipporah dìde, ó fa Táyé mọ́ra.

Tíṣà wá ṣàlàyé. Ẹ rántí pé ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira là ń sọ yìí. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti sọ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé di ọ̀fẹ́, inú ta ni ì bá sì dùn tó inú ìyá ìbejì? Ṣùgbọ́n ìwé kẹfà ni ọ̀fẹ́ náà mọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá sí ilé-ìwé mọ́dà, owó ni. Nimotalahi kò sì ní in. Mùtàlíbù ọkọ rẹ̀ ń la gẹdú létí omi lápá Abígi, ohun tó ń rí níbẹ̀ kò ju ohun tó ń jẹ lọ. Wọ́n ti gbà pé bí àwọn ọmọ bá jáde ìwé kẹfà, wọ́n á lọ bá bàbá wọn nídìí ayùn. Àmọ́ ilé-ìwé mọ́dà kan wà ní Àgọ́-Ìwòyè tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ. Lọ́dọọdún ló ń wá wo ìdíje àwọn ilé-ìwé, ọmọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wù ú, á mú un, kò ní san kọ́bọ̀ títí tó fi máa jáde.

"Ìyá Ìbejì," ni Tíṣà wí, itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀, "kò sí ẹsẹ̀ bíi ti Táyé ní gbogbo àgbègbè yìí! Ẹ bá mi fún un ní ojú. Ojú nìkan ló kù!"

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ bá onígíláàsì kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Adédoyin. Kẹ́hìndé tẹ̀ lé wọn, ohùn rẹ̀ ti padà, ó ń ka orúkọ gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá. Ọ̀gbẹ́ni Adédoyin gbé irin kan sójú Táyé, ó ń ki awò bọ̀ ọ́, ó ń yọ ọ́, ó ń bi í léèrè. Nígbà tó yá, ó ní kí ó wo ìta. Táyé wo òdìkejì títì. Ọmọ kan dúró níbẹ̀, ó ń jẹ ìpékeré, ó wọ ṣòkòtò kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

"Ìyá mi," ni Táyé wí, "ta ni ọmọ yẹn?"

"Kẹ́hìndé ni."

Táyé fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. "Ṣé bí èmi náà ṣe rí nìyẹn?"

Ẹ gbà mí o! Ọmọ tó ti ń bá ìkejì rẹ̀ sùn, tó ń bá a jí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, kò tíì rí i láti òkèèrè rí. Nimotalahi yíjú sí ògiri, ó fi etí ìborùn nu ojú.

Ọ̀gbẹ́ni Adédoyin ní gíláàsì lásán kò ní dára fún bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá gbá a, á fọ́ sínú ẹyinjú, ojú á sì lọ pátápátá. Irú kan wà tó nípọn, tí kì í fọ́ wẹ́wẹ́, tó ní rọ́bà tí wọ́n ń dè sẹ́yìn orí kó má baà bọ́ bí ọmọ bá ń sáré. Láti Èkó ni wọ́n ti máa bá a mú un wá. Pọ́ùn mẹ́rin.

Pọ́ùn mẹ́rin! Ní ìsọ̀ obì, ṣílè kan àti sísì ni oòjọ́ Nimotalahi. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run: àjọ rẹ̀ ti fẹ́ bọ́ sí i, pọ́ùn mẹ́rin géérégé sì ni. Ó ti ní ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe. Ó fẹ́ ra obì tirẹ̀, kó kúrò lábẹ́ Àlàájì Fàsásì, kó máa di apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, kí ẹlòmíràn máa bá òun náà ṣà á. Láti ìgbà tó ti wà ní omidan ló ti ń lá àlá yẹn. Ó wo Táyé, ó wo irin tó wà lójú rẹ̀, ó gbé àlá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni gbé igbá kúrò lọ́nà.

"Ẹ bá mi kọ̀wé sí Èkó, sà," ló wí.

Ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí? Ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀.

Asimawu, ìyá Mùtàlíbù, ló wà nílé. Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é. Nimotalahi kúnlẹ̀, ó ròyìn fún un, ayọ̀ ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ títí dé òpin, ó mi orí.

"Alhamdulilahi. Méjì lẹ ní kí wọ́n mú wá, àbí?"

"Ìyá, Táyé ni kò ríran. Ojú Kẹ́hìndé mọ́ gaara."

"Mi ò bi ọ́ nípa ojú. Mo ní ṣé méjì ni?"

"Ọ̀kan ni, Ìyá."

Nígbà tí inú bá bí Ìyá Àgbà, Ìjẹ̀bú ẹnu rẹ̀ á ki. "Kí rèé? Kí rèé, Ìyá Ìbejì? O ra nǹkan fún àbúrò, o fo ẹ̀gbọ́n? O ra nǹkan lọ́kan nínú ilé yìí? Nínú ilé tèmi?"

Ẹ má tíì bínú sí ìyá náà. Ẹ gbọ́ tirẹ̀ ná. Mùtàlíbù ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìbejì ni, Kẹ́hìndé ni. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, àbúrò bàbá wọn kan ti Èkó dé fún Iléyá, ó mú fìlà kan ṣoṣo wá, ó gbé e lé Kẹ́hìndé lórí. Táyé sunkún fìlà yẹn. Ẹran Iléyá kò tíì tán nínú ìkòkò tí ibà fi mú Táyé lọ. Fìlà náà ṣì wà nínú àpótí Ìyá Àgbà títí di òní. Láti ìgbà náà, bó jẹ́ ẹ̀pà ni Ìyá Àgbà fẹ́ fún ìbejì, á kà á kó dọ́gba. Kì í ṣe ìkà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbẹ̀rù ni. Ìkà ṣeé bá jà, ìbẹ̀rù ìyá tó ti sin ọmọ kò ṣeé bá jà.

Nimotalahi lọ bá àfáà àdúgbò. Àfáà ní kò sí níbi kankan nínú ẹ̀sìn pé kí wọ́n ra gíláàsì fún ẹni tó ríran. Ó tún bojú wẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n, Ìyá Ìbejì, má ṣe sọ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀ o. Mo mọ ìyá ọkọ rẹ."

Ó ránṣẹ́ sí Mùtàlíbù létí omi. Awakọ̀ gẹdú mú èsì wá: "Ọkọ yín ní òun mọ̀ pé ojú Táyé ṣe pàtàkì. Ó ní ṣùgbọ́n òun ni Kẹ́hìndé tó kù. Ó ní ẹ má jẹ́ kí ìyá òun tún sun irú ẹkún yẹn."

Ó lọ bá Àlàájì Fàsásì pé kó yá òun lówó gíláàsì kejì. Àlàájì rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Ìyá Ìbejì! Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká, kí ló fẹ́ fi gíláàsì ṣe? Ṣé ó fẹ́ máa wo ọ̀run ni?"

Àwọn obìnrin tó wà ní ìsọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Níta, ọ̀rọ̀ wèrè ni. Nínú ilé, ọ̀rọ̀ ikú ni. Àárín méjèèjì ni Nimotalahi wà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ni ọgbọ́n kan bá sọ sí i lọ́kàn. Nígbà tó lọ gba gíláàsì ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó bẹ Ọ̀gbẹ́ni Adédoyin kó fún òun ní férémù kan tí wọn kò lò mọ́. Ọkùnrin náà wá ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó nù ún, ó fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Dúdú ni, ó ń dán, ó tilẹ̀ lẹ́wà ju ti Táyé tó nípọn bí ìdí ìgò lọ. Nimotalahi fi rọ́bà sí i lẹ́yìn. Nígbà tó délé, ó to méjèèjì síwájú Ìyá Àgbà lórí ẹní.

"Ẹ wò ó, Ìyá. Méjì."

Ojú Ìyá Àgbà tàn! Ó pe àwọn ọmọ, ó ṣàdúrà sórí wọn, ó gbé ti Kẹ́hìndé, àgbà, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ nù ún. Ó fi etí ìró nù ún. Etí ìró gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyá Àgbà dúró. Ó na ìka, ó tì í bọ inú férémù náà, ìka jáde lódìkejì. Ó wo ìka rẹ̀.

"Ihò," ló wí.

Ó yí férémù náà sọ́dọ̀ Nimotalahi.

"Ihò lo rà fún Kẹ́hìndé. Ìyá Ìbejì, o ra ihò fún àgbà!"

Kẹ́hìndé kò lè mú un mọ́ra, ó bú sẹ́rìn-ín, Táyé náà bá a rín in títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó mú gíláàsì tòótọ́ náà, ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀, ó ta á ní kókó. "Ọjọ́ tí èkejì bá dé, kí wọ́n jọ lò ó. Kó tó dìgbà náà, kò sẹ́ni tó máa fi ojú kàn án."

Ẹ ronú sí i. Nimotalahi ti san owó. Gíláàsì wà nínú ilé, ó ń rí ibi tí kókó náà ti yọ gọngọ lára ìró ìyá ọkọ rẹ̀ bí wọ́n bá jọ ń jẹun. Àjọ ti lọ, àlá obì ti lọ, Táyé kò sì tíì ríran! Ó ń ṣa obì, kò gbọ́ ohun tí Zipporah ń sọ mọ́.

"Jí i gbé," ni Zipporah wí.

"Kí n jí nǹkan lára ìyá ọkọ mi?"

"Ìwọ lo rà á!"

"Bí nǹkan kan bá wá ṣe Kẹ́hìndé ńkọ́?"

Zipporah wò ó lójú. "Áà. Ìwọ náà gbà á gbọ́."

"Mi ò gbà á gbọ́," ni Nimotalahi wí. Ó mú obì mìíràn. "Mi ò kàn fẹ́ dán an wò ni."

Ọ̀sẹ̀ ìdíje wọlé. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì sọ fún mi bó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa ṣe. Ibà mú Kẹ́hìndé. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré, ó ní orí ń fọ́ òun, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ara rẹ̀ ti gbóná bí ààrò. Wọ́n fún un ní oògùn láti ilé ìgboògùn. Nimotalahi ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀fọn ni, òjò ló pọ̀, ọmọ gbogbo àdúgbò ló ń ṣe. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti wo ojú Ìyá Àgbà, fìlà kékeré kan ló ń rí.

Ìyá Àgbà tú kókó. Ó gbé gíláàsì náà lé Kẹ́hìndé lójú lórí ẹní àìsàn, ó de rọ́bà rẹ̀. "Tìẹ ni, àgbà. Tìẹ nìkan ni. Má bínú."

"Ìyá Àgbà," ni ọmọ náà ń ráhùn, "ilé ń yí o. Orí yín ti tóbi."

"Jẹ́ kó máa yí. Má yọ ọ́."

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ ìdíje, dé; pápá kò sì jìnnà sílé wọn. Ibà ti rọlẹ̀ díẹ̀, kò tíì lọ. Táyé wọ ẹ̀wù bọ́ọ̀lù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò béèrè nǹkan kan. Ì bá sàn kó béèrè. Níta, Tíṣà Bùsúyì ti dé, ó ń lọ ó ń bọ̀. "Ìyá Ìbejì! Ọ̀gá Àgọ́-Ìwòyè ti jókòó o! Ó ti ń mu omi! Wọ́n fẹ́ fọn fèrè!"

Nimotalahi dúró láàárín ẹní àti ẹnu ọ̀nà. Ọmọ kan níwájú, ọmọ kan lẹ́yìn. Bó bá yọ gíláàsì lójú èyí, tí nǹkan sì ṣẹlẹ̀, ta ni yóò dárí jì í? Bí kò bá yọ ọ́, ayùn gẹdú ni ti Táyé, ayùn gẹdú pẹ̀lú ojú tí kò rí eyín ayùn! Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, gbogbo ọ̀nà ló dí. Ló bá kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó dí ọ̀nà náà.

"Ìyá, ta ni àgbà nínú àwọn ọmọ yìí?"

"Ṣé ibà ti mú ìwọ náà ni? Kẹ́hìndé ni."

"Ta ló rán ta wá sáyé?"

"Kẹ́hìndé ló rán Táyé. Ó ní kó lọ bá òun wò ó bí ayé bá dára."

"Bí àgbà bá rán àbúrò níṣẹ́, ta ló ń fún un ní ohun èlò? Bí ẹ bá ní kí n lọ pọnmi fún yín, ṣé kì í ṣe ìkòkò yín ni mo ń rù lọ?"

Ìyá Àgbà wo gíláàsì tó wà lójú Kẹ́hìndé.

"Gíláàsì ti di ti Kẹ́hìndé, Ìyá. Mo gbà. Táyé ò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ara àgbà ò yá, kò lè dé pápá. Ẹ jẹ́ kó rán Táyé kó lọ bá a wò ó wá."

Gbogbo wọn wo Kẹ́hìndé. Ọmọ náà ti ń yọ rọ́bà lẹ́yìn orí. Ó na gíláàsì síwájú, ó ki ohùn àgbà bọ ọ̀fun: "Táyé, lọ bá mi wo bọ́ọ̀lù yẹn wá. Bí o bá gbá a síta, n ó nà ọ́."

Táyé ti nawọ́. Ìyá Àgbà di ọwọ́ náà mú. Kì í ṣe Táyé ló ń wò, Nimotalahi ló ń wò. "Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́ o, Ìyá Ìbejì. Ti Kẹ́hìndé ni. Ibi tí Kẹ́hìndé ò bá sùn, gíláàsì yìí ò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀ láéláé."

Nimotalahi ríran jìnnà. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ó rí ibi tí gbólóhùn yẹn ń lọ, ó rí i títí dé Àgọ́-Ìwòyè. Fèrè dún ní pápá.

"Mo gbà, Ìyá."

Táyé ti fò jáde!

Nimotalahi kò rí bọ́ọ̀lù náà. Ó jókòó ti Kẹ́hìndé, ó ń fi omi nu ara rẹ̀. Láti inú yàrá, ariwo pápá ń wọlé bí ìjì, á ru sókè, á rọlẹ̀, kò sì mọ ta ni wọ́n ń hó fún. Kẹ́hìndé ń ráhùn lórí ẹní, "Ọ̀tún, ọ̀tún, ta á." Ìyá Àgbà ń ka tẹ̀sùbáà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè kúrò níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Táyé wọlé. Eruku bò ó dé ìpéǹpéjú, àfi ibi méjì roboto tí gíláàsì wà. Kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀. Ẹni tó rán an níṣẹ́ ló lọ bá. Ó kúnlẹ̀ létí ẹní, ó yọ gíláàsì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Mo ti wò ó wá," ló wí. "Gólì wọn ní àpá létè. Òsì ló ń wò kó tó fò, nítorí náà ọ̀tún ni mo gbá a sí."

"Ó wọlé?"

"Ó wọlé. Èkejì náà wọlé. Kẹ́hìndé, gbogbo àwọn èèyàn yẹn ní ojú! Gbogbo wọn! Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń wò wá!"

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Tíṣà Bùsúyì já wọlé, ó gbàgbé láti kí àgbà. "Ó mú un! Ọ̀gá ní kó máa bọ̀! Ọ̀fẹ́! Títí dé òpin!"

Ilé kún fún ayọ̀. Ìyá Àgbà gan-an jó lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló bi Tíṣà ní ìbéèrè kan pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

"Kẹ́hìndé ńkọ́?"

"Ọmọ kan ni wọ́n ń mú, mà."

Ìyá Àgbà yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nimotalahi ló wò, ó sì na ìka sí gíláàsì tó wà lórí àyà Kẹ́hìndé.

Kí ló kù láti sọ? Àgọ́-Ìwòyè kì í ṣe ibi tí ọmọ á ti máa lọ tí á máa bọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ní láti máa gbébẹ̀. Gíláàsì kò gbọdọ̀ sùn níbi tí Kẹ́hìndé ò sùn. Táyé ò lè lọ láìsí gíláàsì. Kẹ́hìndé ò lè lọ láìsanwó. Nimotalahi padà lọ bá Àlàájì Fàsásì, lọ́tẹ̀ yìí Àlàájì kò rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé yé e. Ó ní òun á san ti Kẹ́hìndé. Kí Ìyá Ìbejì máa ṣa obì fún òun nìkan, ìdajì oòjọ́ ni á máa gbà, títí Kẹ́hìndé á fi jáde. Kò gbọdọ̀ ṣà fún ẹlòmíràn, kò gbọdọ̀ ra tirẹ̀. Ojú bíi tirẹ̀ kò pọ̀, Àlàájì sì ti ń wá ọ̀nà tó máa fi dè é mọ́lẹ̀ tipẹ́.

Ó gbà.

Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ọkọ̀ dúró níwájú ìsọ̀. Ìbejì méjèèjì wọ aṣọ kan náà, wọ́n gbé àpótí kan náà. Kẹ́hìndé ló wọ gíláàsì, nítorí Ìyá Àgbà wà níbẹ̀, ó ń fi ìdùnnú wo àgbà ọmọ. Kẹ́hìndé fọwọ́ wá ọ̀nà lára ògiri kó tó rí ọkọ̀ wọ̀, Táyé ló dì í mú. Ọkọ̀ ṣí. Ìyá Àgbà juwọ́, ó yíjú, ó ń lọ sílé.

Nimotalahi kò yíjú. Ọkọ̀ ti jìnnà, ó ti fẹ́ ya kọ́nà, kò sẹ́ni tó tún lè rí nǹkan kan nínú rẹ̀ bí kò ṣe ojú tirẹ̀. Ó rí ọwọ́ Kẹ́hìndé tó lọ sẹ́yìn orí, tó tú rọ́bà. Ó rí orí méjì tó sún mọ́ra. Nígbà tí ọ̀kan gbé ojú sókè, oòrùn tàn lára gíláàsì náà, ọmọ náà juwọ́ sí i tààrà, láti ọ̀nà jíjìn yẹn, bí ẹni tó rí i kedere.

"Ìyá Ìbejì!" ni Zipporah ń pè láti inú ìsọ̀. "Òkìtì tuntun ti dé o! Àlàájì ń béèrè rẹ."

"Mo ń bọ̀," ló dáhùn. Ó ṣì ń wo ojú ọ̀nà tó ti ṣófo. "Níbo ni n ó tún gbà lọ?"